Ìròhìn Tí Kò Gbọ́ Èdè Ọjà

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n gbà pé bí ìwé ìròhìn bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, tí olóòtú rẹ̀ kò sì bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n, ìlú ti ní ohùn. Ọ̀rọ̀ wọn dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ààbọ̀ tí ó kù, kí ó kọjú sí ọjà Sandaga ní Douala, ìlú èbúté ilẹ̀ Kamẹrúùnù. (Sandaga mìíràn wà ní Dakar, òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.)

Ọjà ohun tútù ni Sandaga. Tòmátì, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ń ti ilẹ̀ olókè ìwọ̀-oòrùn, láti ìhà Foumbot, wọ ibẹ̀. Àwọn oníṣòwò Gàbọ̀n pẹ̀lú a sì máa wá rà á. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, bí ibodè bá tì, tòmátì kò ní sùúrù. Ta ni ìròhìn tún ṣe pàtàkì fún tó ẹni tí ń tà á?

Kì í ṣe ìgboyà ni ó wọ́n Douala. Pius Njawé dá Le Messager sílẹ̀ ní Bafoussam ní 1979, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ó sì gbé e wá sí Douala lẹ́yìn náà. Òfin ìgbà náà ni pé kí aláṣẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ìròhìn wò kí ó tó jáde. Ní ìparí ọdún 1990 ó tẹ lẹ́tà gbangba tí Célestin Monga kọ sí Ààrẹ Paul Biya. Ní January 1991 àwọn méjèèjì fojú ba ilé-ẹjọ́, a sì dá wọn lẹ́bi. Ní ọdún kan náà ni àwọn alátakò kéde ohun tí wọ́n pè ní “ìlú òkú”: fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìsọ̀ àti ọjà Douala ń tì láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni a ń nájà. Nígbà tí ó di ìparí 1997, Le Messager béèrè bóyá àìsàn ọkàn ṣe Ààrẹ níbi tí ó ti ń wo bọ́ọ̀lù. Njawé fi nǹkan bí oṣù mẹ́wàá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Kí ni a tún lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn kan?

Ṣùgbọ́n Faransé ni Le Messager ń sọ. Obìnrin tí ó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní 1991, tí ọjà ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, bí kò bá mọ̀wé, ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́ ìdí tí òun fi ń pàdánù. Awakọ̀ sọ ọ́ báyìí, ọmọ ilé-ìwé túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Olúkúlùkù sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Wọn a máa dáhùn pé èdè Kamẹrúùnù lé ní 200, èwo ni a ó mú? Àwáwí ni. Ní 1908, nígbà tí àwọn Jámánì ṣì ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ rẹ̀, Mpondo Akwa tẹ Elolombe ya Kamerun ní Hamburg, ní èdè Duala. Nílé níbí, Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní Èkó, Eko Akete ti 1922 àti Eleti Ofe ti 1923 fi Yorùbá bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí, ẹni tí ìjọba yọ lóyè ní 1925, tí ó sì padà sí oyè ní 1931.

Kí olùkọ́ kankan má sì rò pé ẹjọ́ Kamẹrúùnù nìkan ni èyí. Àwọn ilé-ìwé kan ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì. Ọmọ yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ ń retí pé, bí ó bá ti ilé-ìwé dé, kí ó ka ìkéde owó ìsọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà fún òun, kí ó sì fi Yorùbá tí ó yéni sọ ọ́.