Pápá koríko àdàpọ̀: Ohun tó yẹ kí àwọn ará Ọ̀tà kọ́kọ́ bèèrè kí owó tó jáde

Láti Sango títí dé Àtàn-Ọ̀tà, ilẹ̀ tó ṣófo ti di ohun ọ̀wọ́n. Ibi tí ilé-iṣẹ́ kò bá gbà, ilé ìkẹ́rùsí ni yóò gbà á. Pápá ilé-ìwé ló kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà sì ni ìpolongo ìbò, ìsọjí àti ayẹyẹ ìgbéyàwó ń forí lé. Abájọ tí irú pápá bẹ́ẹ̀ fi ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, tó sì ń di eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe pápá káàkiri àgbáyé ń polówó báyìí ni koríko àdàpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdajì rẹ̀ ni ike, àti pé kò nílò omi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní GrassMaster, tí ilé-iṣẹ́ Desso mú jáde, ẹ̀rọ ló ń fi fọ́nrán ike gún ilẹ̀ bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ, ó ń wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, sẹ̀ǹtímítà 2 péré ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20 fọ́nrán ló ń wọ pápá kan, síbẹ̀ ike inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Gbòǹgbò koríko máa ń lọ́ mọ́ fọ́nrán náà, ìyẹn ni ilẹ̀ kì í fi í tètè hú bí bàtà agbábọ́ọ̀lù bá gún un. Ìyókù, koríko ni: ó ń fẹ́ omi, ajílẹ̀, gígé àti ìsinmi.

Ọ̀tọ̀ ni pápá tó jẹ́ ike pátápátá. Lórí irú rẹ̀ ni Central African Republic ti na Super Eagles ní 1-0 ní pápá Teslim Balogun, Surulere, lọ́jọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi ọjọ́ náà kò lè jẹ́ ti ike nìkan. Oòrùn ọ̀sán lè mú kí ojú ike gbóná kọjá ìwọ̀n 60 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026, FIFA sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n tẹ́ koríko gidi sí àwọn pápá Amẹ́ríkà tó jẹ́ ike tẹ́lẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣòfin ní ọdún 2023 pé títa èérún rọ́bà tí wọ́n ń dà sáàárín irú koríko bẹ́ẹ̀ yóò dópin ní ọdún 2031. Ó yẹ kí ojú wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò yóò máa kó wá sí ìhín lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n lò kù lókè òkun kò ṣàjèjì lọ́jà wa.

Àmọ́ ẹ̀rí tó yẹ kó kó àròjinlẹ̀ bá ẹni tó bá fẹ́ koríko àdàpọ̀ wá láti Mbombela, ní South Africa. Irú koríko yìí ni wọ́n ṣe síbẹ̀ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010. Nígbà tí Super Eagles pàdé Burkina Faso àti Zambia níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2013, iyanrìn ló gba ojú pápá náà, tí gbogbo ayé sì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mbombela ní owó àti ọlá tí Àtàn-Ọ̀tà kò ní.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ṣàìmọ̀ bí a ti ń kọ́ pápá. Ó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ ní 2006, ó tún gbà á ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìgbà tí wọ́n tún pápá MKO Abiola ní Kútọ̀ ṣe. Ìtọ́jú àárín ọdún sí ọdún ni ìṣòro.

Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ fi pápá ta àdúgbò lọ́rẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí yóò máa san owó iṣẹ́ olùtọ́jú pápá lóṣooṣù, iye epo tí ẹ̀rọ kànga yóò máa mu, àti ẹni tí yóò ní ìgboyà láti sọ fún olóyè tó fẹ́ ṣòkú ìyá rẹ̀ pé a kì í ri irin àtíbàbà mọ́ ilẹ̀ yìí. Bí kò bá sí ìdáhùn, koríko Bahama lásán, ilẹ̀ tó tẹ́jú àti gọ́tà tó ń gbé omi lọ yóò wúlò fún àwọn ọmọ Àtàn ju mílíọ̀nù 20 fọ́nrán lọ.