Òkèèrè La Ti Í Wo Ògiri Tó Ṣẹ́ Kù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó." Ohun méjì ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ wa. Èkíní, kí ojú ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Èkejì, kí àyè wà láàárín ẹni àti ewu. Níbi tí iléeṣẹ́ bá ti wó lápá kan, tí apá kejì ṣì dúró, ohun méjèèjì yìí ló ń dá ẹ̀mí sí.

Ní Sàngó àti Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iléeṣẹ́ ńláńlá fara kan ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìsọ̀ olóúnjẹ. Bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wó lápá kan, èrò á rọ́ débẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń wá ẹrù rẹ̀, àwọn oní-irin àlòkù fẹ́ gé irin, oní-katapílà ń kánjú. Wọ́n gbà pé èyí tó máa wó ti wó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí òpó tó ṣubú ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di ti òpó tó kù, a kò sì kọ́ wọn fún un. Dẹ́kìn tó rọ̀ dirodiro lókè, ó lè jẹ́ irin díẹ̀ ló dì í mú. Ẹni tó bá gé irin yẹn, orí ara rẹ̀ ló máa wó o lé.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2016, ní Didcot nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ńlá kan ní iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n ti tì wó lápá kan nígbà tí wọ́n ń múra láti wó o. Ọkùnrin mẹ́rin kú. Òkú mẹ́ta há sábẹ́ àlàpà fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí apá tó ṣẹ́ kù léwu jù láti sún mọ́. Nígbà tó di oṣù Keje, ẹ̀rọ róbọ́ọ̀tì tí èèyàn ń darí láti òkèèrè ni wọ́n rán wọlé lọ to ohun abúgbàù, kí wọ́n tó wó ìyókù. Ojú àwọn ẹbí ń pọ́n, síbẹ̀ wọn kò fi ẹ̀mí mìíràn wá òkú.

Ṣùgbọ́n ká rí igi nìkan kò tó. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì, l'Ékòó, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ìjọba ti sàmì sí i pé wíwó ni. Èèyàn ò kúrò níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí igi, wọn ò yẹra.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé iṣẹ́ l'Ọ́tà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí ilé tó wó ká, kí ẹ sì kó àwọn aládùúgbò kúrò nítòsí. Ẹ gé iná àti gáàsì. Ẹ jẹ́ kí ẹnjinníà tó gbàwé àṣẹ yẹ òpó wò, kó sọ èyí tí a ó fi igi tì àti ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti òkè wá sílẹ̀ ni kí wíwó máa lọ, kí a máa wọ́n omi sí eruku. Bí òrùlé bá jẹ́ ti asbestos, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ má jẹ́ kí katapílà wọlé láìsí ìwé àyẹ̀wò. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ṣa irin, dákun, yẹra: owó irin kò tó owó ìsìnkú.