A Kò Fẹ́ Yàrá Ọ̀gbẹ̀rì

Àwọn tí ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò yé jà lé lórí, ó sì kan àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn kan ní kí a ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè wọn níbẹ̀, kí àwọn àgbà lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé àánú ni. Àwa kò gbà pé àánú ni.

Ẹ wo ọmọ tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ní oṣù àkọ́kọ́, kí ó gbálẹ̀, kí ó rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ pé kí ó gé aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù kan náà tí ọ̀gá ti ń gé aṣọ ni ó jókòó sí. Etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ń rí ibi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti ṣàṣìṣe, tí ó tú u, tí ó sì tún un rán. Bí a bá wá kó gbogbo ọmọ iṣẹ́ tuntun ìlú jọ sínú ilé kan, tí a ní kí wọ́n máa kọ́ ara wọn bí a ti ń gé bùbá, ṣé aṣọ kò ní bàjẹ́? Èyí tí ó burú jù ni pé wọn kò ní mọ̀ pé ó bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ̀wé sí àárín àwọn tí ń lo ètò kan tí a ń pè ní Minix. Ó ní òun ń ṣe ètò kan fún ìgbádùn ara òun, pé kò ní di ohun ńlá, ó sì béèrè ohun tí àwọn ènìyàn yóò fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀. Àárín àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n ni ó ti béèrè, wọ́n sì dá a lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam, ẹni tí ó kọ Minix, bọ́ sí gbangba, ó ní nǹkan àtijọ́ ni ètò ọmọ náà. Ọmọ náà fèsì. (Ẹnu rẹ̀ mú ju bí a ti ń kọ́ ọmọ láti bá àgbà sọ̀rọ̀ lọ, àwa olùkọ́ kò ní gbóríyìn fún èyí.) Gbogbo ènìyàn ka àríyànjiyàn náà, wọ́n sì kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Linux ni ètò náà. Òun ni ó wà nísàlẹ̀ Android nínú fóònù tí ọ̀pọ̀ nínú yín mú lọ́wọ́.

Àwọn tí kò bá wa gbà ní èsì kan tí ó lágbára. Lórí Usenet, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jíròrò kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di ti gbogbo ayé, oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń wọlé láti yunifásítì. Àwọn àgbà a fara dà á, wọn a kọ́ wọn ní ìwà ibẹ̀, ara a sì rọ̀. Láti ọdún 1993, ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo ènìyàn, àwọn tuntun kò sì dẹ́kun dídé mọ́. Àwọn àgbà fi ìbínú sọ ìgbà náà ní oṣù kẹsàn-án tí kì í parí. Òtítọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n Usenet ní àyè ọ̀tọ̀ fún àwọn tuntun, news.newusers.questions ni wọ́n ń pè é. Kò dá ìkún omi náà dúró.

Ohun tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ ni iṣẹ́, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn oní-Linux fúnra wọn mọ èyí. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní apá kan nínú ètò náà tí wọ́n ń pè ní staging, níbi tí iṣẹ́ tí kò tíì dán wà. A máa ń ní kí ẹni tuntun lọ tún ibẹ̀ ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọmọ aránṣọ tí ń rán bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ni ó ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Wọ́n tilẹ̀ ní Kernelnewbies, tí a dá sílẹ̀ fún àwọn tuntun. Síbẹ̀, ibi tí àwọn àgbà ń kà ni ẹni tuntun yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ní ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹnu àwọn àgbà ni. Ọmọ béèrè, wọ́n ní kí ó lọ ka ìwé. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ni ó kọ ìwé náà, fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni ó ń fi ibi tí ìwé ti ṣókùnkùn hàn, bí a bá sì lé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Torvalds, tí ó ti di àgbà, tọrọ àforíjì ní gbangba fún bí ó ti ń bú àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì kúrò nídìí iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láti tún ìwà rẹ̀ ṣe. Wọn kò kó àwọn tí ó ń bú lọ sí ibòmíràn.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi wá léèrè nípa èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, Faransé sì ni àwọn ọmọ wa kọ́ ní ilé-ìwé. Ṣé yàrá ọ̀tọ̀ kọ́ ni ibi tí àwọn oní-Debian ti ń fi Faransé ran ara wọn lọ́wọ́? Rárá. Àgbà àti ọmọdé ni ó wà níbẹ̀. Èdè ni a yà, a kò ya ìmọ̀. Irú rẹ̀ ni a fẹ́ ní Yorùbá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní Kútọnu àti ní Lomé, mélòó nínú yín ni yóò wá bá àwọn ọmọ lísè jókòó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé?