Ọmọ Wọ Yunifásítì, Iṣẹ́ Òbí Kò Tíì Parí

Ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, òbí a máa gbé mátíràásì àti gàrí dé ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọn a gbàdúrà, wọn a sì padà sílé. Ẹrù pé, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ńkọ́?

Láti 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lówó tí kò ní èlé. Ilé-ìwé ló ń gba owó ẹ̀kọ́ tààrà; ₦20,000 fún ìgbọ́bùkátà ń wọ àkáǹtì ọmọ lóṣooṣù. Ọmọ tí wọn kò rán lọ ra ata rí lè ná an tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Kí òbí ti fi ìnáwó ilé kọ́ ọ kó tó lọ.

Bí òbí bá pe ọmọ náà lórí fóònù, kí wọ́n bi í bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń jẹun. Bí kọ́ọ̀sì kan bá le, kí wọ́n má bú u. Kó tètè lọ rí olùkọ́ rẹ̀.