Ẹ Kú Ìtọ́jú Ilé, Ẹ̀yin Ará Sainte Genevieve

Ní ọdún 1792, àwọn kan gbẹ́ kòtò sílẹ̀ ní ìlú Sainte Genevieve, ní ibi tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà lónìí, wọ́n to ìtì igi sínú rẹ̀ ní òòró, wọ́n po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n fi dí àlàfo igi sí igi, wọ́n sì gbé òrùlé gàgàrà lé e lórí. Lónìí tí mo ń kọ̀wé yìí, ilé náà ò tíì wó. Ó dúró ṣánṣán.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ po amọ̀ rí, tó sì mọ ohun tí ikán ń fi ojú igi rí, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ilé alámọ̀, lẹ́bàá odò Mississippi tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó lé ní igba ọdún! Ẹ bá mi kí àwọn ará Sainte Genevieve kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí wọn kú ìrọ́jú.

Àwọn àgbẹ̀ Faransé ló tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1750. Wọ́n sọdá odò nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, iyọ̀ wà nítòsí, òjé sì wà nínú òkè lẹ́yìn wọn. Etí omi gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé sí. Ní 1785 odò kún, ó kún ju kíkún lọ, títí tí wọ́n fi sọ ọdún náà ní Ọdún Omi Ńlá. Wọn ò bá odò jà. Wọ́n dẹrù, wọ́n gbéra díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tó ga jù ú lọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í to igi.

Sípéènì jọba lé wọn lórí, Faransé gbà á padà fúngbà díẹ̀, Amẹ́ríkà rà á ní 1803. Ìjọba ń pààrọ̀, òpó ò pààrọ̀.

Irú ilé tí wọ́n ń ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí ti wọ́n gan-an. Márùn-ún péré ni wọ́n mọ̀ pé ó kù ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà, mẹ́ta nínú wọn sì wà ní ìlú kan ṣoṣo yìí. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n gbé òpó wọn lé orí ìtì igi tó dùbúlẹ̀, bí ilé ìdílé Bolduc, tó ní ọgbà onígi ṣóńṣó yí i ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn fẹ̀, ó tutù, ó nà gbọọrọ. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé tiwa yóò wò ó, yóò sì fẹ́ wá àga.

Ọwọ́ Faransé nìkan kọ́ ló kọ́ ìlú náà ṣá o. Ẹrú ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu: wọ́n se iyọ̀, wọ́n wa òjé, wọ́n ro oko tí kì í ṣe tiwọn. Mo yin àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ pé wọn ò fi ìyẹn pamọ́. Ilé ọdún 1792 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ìdílé Beauvais, àwọn olówó, ló kọ́ ọ. Àmọ́ ní 1852, Pélagie Amoureux àti ọkọ rẹ̀ Benjamin rà á. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Pélagie sí, ó di òmìnira, ó fẹ́ ọkùnrin Faransé, ó sì ń ta ọjà nínú ilé náà. Ilé Amoureux ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Olówó kọ́lé, orúkọ ìyá ọlọ́jà ló mọ́ ọn lára! Ibi tí inú mi ti dùn jù nínú ìtàn ìlú yìí nìyẹn.

Àmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kí a fi ìlù sọ ni ti ọdún 1993. Odò Mississippi tún dìde, ó sì ń dìde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsinmi. Àwọn ará ìlú tí kò ju bí 5,000 lọ bọ́ sígboro. Àgbà ń bu yanrìn, ọmọdé ń di ẹnu àpò. Àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ dé, àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ níṣẹ́ dé láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń to àpò lé àpò, yanrìn lé yanrìn, òkúta lé òkúta. Bí omi bá ga, wọ́n á gbé odi ga. Omi wọ ilé àwọn kan, ẹkún sì sọ. Ṣùgbọ́n ìdí ìlú, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ pọ̀ sí, kò bá omi lọ. Lẹ́yìn náà ni odi ìdènà ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí dé.

Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ tí kì í pariwo. Ní 1960 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ibẹ̀ ní ibi ìtàn pàtàkì, ní 2020 ni wọ́n sì sọ apá kan rẹ̀ di ọgbà àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Kí ìyẹn tó dé, àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ ti ra ilé Bolduc, wọ́n ti tún un ṣe láàárín àwọn ọdún 1950. Ìdílé lóríṣiríṣi sì ti ń yọ pákó tó jẹrà, wọ́n ń fi òmíràn dí i, lọ́dọọdún, láìsí ẹni tó ń yàwòrán wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ènìyàn ṣì ń sùn nínú wọn. Wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé èéfín àti ìgbálẹ̀ wọ̀nyẹn ti ṣe òrùlé lóore ju ìwé ìkéde lọ.

Oko ńlá tí wọ́n pín ní gbọọrọ gbọọrọ sáàárín ìdílé nígbà ayé Faransé, wọ́n ṣì ń dáko níbẹ̀ títí di òní. Bó bá sì di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, ẹgbẹ́ akọrin a tú jáde nínú òtútù, wọn a máa kọrin Faransé àtijọ́ láti ojúlé dé ojúlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín wọn. Wọn a kanlẹ̀kùn. Onílé a ṣí i, a sì bu ọtí fún wọn.