Èdè Inú Ibùgbé Akẹ́kọ̀ọ́: Àpẹẹrẹ láti Niamey

Ní 1964 ni Abdou Moumouni, onímọ̀ fisíìsì ọmọ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, kọ ìwé kan jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lára ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn èdè Áfíríkà ni ó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ Áfíríkà. Orúkọ ọkùnrin yìí ni Yunifásítì ìlú Niamey ń jẹ́ lónìí. Síbẹ̀, èdè Faransé ni èdè ìkọ́ni níbẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jáde ní kíláàsì tí ó padà sí ibùgbé rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ Diffa tí ń sọ Kànúrí, ọmọ Agadez tí ń sọ Tamajaq àti ọmọ Tillabéri tí ń sọ Zarma lè bá ara wọn pàdé nínú yàrá kan ṣoṣo ní etí Odò Ọya. Òfin 2001 dárúkọ èdè mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè. Òfin ìpìlẹ̀ ti 2010 ní ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin tí ìjọba ológun fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2025 yan Haúsá nìkan ní èdè orílẹ̀-èdè. Kò yani lẹ́nu, nítorí kò sí èdè tí ó gbilẹ̀ níbẹ̀ tó Haúsá. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè bi ara rẹ̀ léèrè ni bí ọmọ Kànúrí yóò ti máa gbé nínú yàrá yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn Yunifásítì a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ láti bójú tó àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú ilé gbígbé, kí ẹnikẹ́ni má baà di àjèjì níbẹ̀. Ní Niamey, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ USN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń yíjú sí. Ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 1990, wọ́n jọ wọ́de lọ sí Afárá Kennedy, agbófinró yìnbọn sí wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kú. Ìṣọ̀kan ojú pópó nìyẹn. Ti inú yàrá, níbi tí wọ́n ti ń jà lórí omi àti ariwo rédíò, ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣà Nìjẹ̀r ní oògùn kan fún un. Fúlàní lè pe Kànúrí ní ẹrú rẹ̀, kí Kànúrí dá a padà fún un, kí àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Irú rẹ̀ wà láàrin ọmọ Gòbìr àti ọmọ Kátíná. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú. UNESCO kọ àwàdà ìbátan yìí sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá ní 2014. (Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀.) Ṣùgbọ́n irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kì í gba ògbufọ̀. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ohùn tí ó mú un jẹ́ eré a sọnù, èébú nìkan ni yóò kù. Aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ju Faransé àti èdè ìyá rẹ̀ lọ kò lè mọ ìgbà tí eré di ìjà. Àwọn kan yóò sọ pé Faransé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò ní ojúsàájú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ṣòro láti fi rẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lẹ́kún lóru.

Nàìjíríà kò yàtọ̀. Nínú àwọn họ́ọ̀lù Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dìbò yan olóyè wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń polongo ìbò. Láti 1977 ni ìlànà ìjọba ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńláńlá mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Àìtó olùkọ́ kò jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Bí ilẹ̀kùn kíláàsì bá ń tì, ti ilé gbígbé ṣì ṣí sílẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka èdè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn wọ́dìnnì. Kí olóyè họ́ọ̀lù tuntun tó búra, kí ó ti kọ́ èdè mìíràn kan dé ibi tí ó lè fi kíni, kí ó fi bẹ̀bẹ̀, kí ó sì gbọ́ àwàdà inú rẹ̀. Olùkọ́ kò jìnnà: ọmọ Tiv, ọmọ Nupe àti ọmọ Ẹ̀bìrà wà ní yàrá kejì, kí wọ́n sì fún àwọn náà ní máàkì fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, nígbà tí àwọn ọmọ tuntun ṣì ń wá bẹ́ẹ̀dì, ni ìgbà tí ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀.