Ẹ jẹ́ kí a ṣe àáró lórí ìtọ́jú àgbà

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ agbolé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù náà. Ọmọbìnrin ni, tàbí ìyàwó ilé. Àwọn yòókù ń wò ó.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Bàbá jẹun tán, ó ní wọn kò fún òun ní oúnjẹ. Ó jáde, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Lóru, ó dìde, ó ní òun ń lọ sóko. Ta ní ń dìde tẹ̀ lé e? Obìnrin kan náà ni. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń fọ aṣọ tí ó tọ̀ sí. Kò lè lọ sọ́jà mọ́. Oko rẹ̀ di igbó. Nígbà tó yá, àìsàn mú òun náà.

Àwọn kan ní àgbà náà ṣarán ni, kò sí ohun tí a lè ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó, àwọn mìíràn ní àjẹ́ ni. Kì í ṣe àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni. Ó wà káàkiri ayé, ó sì wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn olùwádìí yẹ àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 wò ní Djidja, ní àgbègbè Zou. Nínú 100 wọn, bíi 2 tàbí 3 ló ní àìsàn yìí. Èsì náà jáde ní ọdún 2009.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Síbẹ̀, ẹ gbé àgbà náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà, àìmu omi tó, ìbànújẹ́ ńlá tàbí oògùn tí kò bá a lára mu lè da orí àgbà rú. Ìwọ̀nyí ní ìtọ́jú. Bí ó bá dé lójijì, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Àwọn ọkùnrin kan ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ọmọ tó wà ní Kútọnu ní òun ń fi owó ránṣẹ́, òun ti ṣe tòun. Owó dára. Ó ń ra ọṣẹ, ó ń ra oògùn. Ṣùgbọ́n owó kì í dìde lóru.

A mọ àáró lóko: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Èé ṣe tí a kò fi ṣe é nínú ilé? Kí ẹbí pàdé, tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n pín iṣẹ́ náà:

– Kí ẹnì kan ṣọ́ àgbà náà lọ́jọ́ ọjà, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè lọ tajà.
– Kí àwọn ọkùnrin máa sùn tì í lóru, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
– Kí ẹnì kan máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì mọ oògùn tó ń lò.
– Kí ẹnì kan kó oògùn apakòkòrò òwú àti epo àtùpà pamọ́, kí ó sì máa bo kànga.

Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀nà, kí wọ́n mú un wálé. Kí àwọn ọmọdé má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, bí ẹ bá yẹ àgbà wò tán, ẹ yíjú sí ẹni tó mú un wá. Ẹ bi í pé: “Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?”

Ní ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, ẹ bi ara yín: ta ló tọ́jú bàbá lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló tọ́jú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bí ó bá jẹ́ orúkọ kan náà ni ẹ ń gbọ́, ẹ pín iṣẹ́ náà kí ẹ tó túká.